OWÓ TÍ A BÁ LẸ́NU ÀPÒ

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí. Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 42:25-35 àti 43:11-23.

  

A fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé wa, nítorí pé àwa gan-an ni a ṣe àṣìṣe tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn ìkórè, ẹgbẹ́ wa máa ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó gààrí àti owó ìkórè, láti fi ran ọmọ kan lọ́wọ́ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí òbí rẹ̀ kò rí owó san. Ní ọdún tí ó kọjá, ₦50,000 ni a yọ. Ọmọ opó kan ni ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìjọ wa, orúkọ ìdílé wọn sì tún jọra. Ọ̀kan ń kàwé ní Ìlarò, èkejì ń kàwé ní Abẹ́òkúta. Nọ́ńbà báǹkì ti ẹni tí a kò fọwọ́ sí ni a kọ sínú ìwé. Owó lọ, kò sì sí ẹni tí ó fura. Opó wa kò sọ̀rọ̀. Ó rò pé ìgbìmọ̀ ti yí ọkàn padà ni, ó sì gba kámú.

Ní ọjọ́ ìsinmi kẹta lẹ́yìn èyí, ìyá ọmọ kejì jáde wá síwájú fún ìdúpẹ́. Ó mú ₦2,000 lọ́wọ́, ó ní Olúwa ti dá òun lóhùn lórí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òun láti ibi tí òun kò fọkàn sí. Akápò wa wo akọ̀wé, akọ̀wé wo ilẹ̀. Díẹ̀ nínú wa kò lè gbe orin ìdúpẹ́ náà mọ́. A óò padà wá sórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa. Ìyàn mú ní ilẹ̀ Kénáánì, Jákọ́bù sì rán àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́wàá lọ ra ọkà ní Íjíbítì. Wọ́n san owó, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n. Ní ibi tí wọ́n ti dúró sùn, ọ̀kan nínú wọn tú àpò rẹ̀ kí ó lè fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ní oúnjẹ, ó sì bá owó rẹ̀ lẹ́nu àpò. Nígbà tí wọ́n délé, olúkúlùkù bá owó tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tí ó jó, kò sí èyí tí ó yọ̀. Ẹ̀rù ni ó bà wọ́n, àwọn àti baba wọn.

Nígbà tí oúnjẹ tán tí wọ́n níláti padà, baba àgbà náà sọ ohun tí ó yẹ kí gbogbo ìyá gbé sọ́kàn. Ó ní kí wọ́n mú ìlọ́po owó lọ́wọ́: owó ọkà tuntun, àti owó tí wọ́n bá lẹ́nu àpò. Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé, bóyá àṣìṣe ni. Kò pe ẹnikẹ́ni ní olè, kò sì ní kí wọ́n máa ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan. Nígbà tí wọ́n dé Íjíbítì, kí wọ́n tó wọlé rárá, ní ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n ti bá ìríjú ilé Jósẹ́fù sọ̀rọ̀ náà. Ìríjú dá wọn lóhùn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, owó wọn ti tẹ òun lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí níbẹ̀ tí a kì í sábà gbọ́ nínú ìwàásù. Èkíní ni pé wọn kò ná owó náà. Oúnjẹ tán nílé, síbẹ̀ owó náà wà níbi tí ó wà. Èkejì ni pé ìbéèrè ni ó bọ́ ẹrù lórí wọn. Àpò wọn ni owó náà wà láti ìgbà yí wá, ṣùgbọ́n kò di tiwọn títí tí wọ́n fi lọ béèrè. Nítorí náà, nígbà tí owó tí kò yé wa bá wọ àpò ọmọ wa, a kò gbọdọ̀ rò pé ìdáhùn ti wà: pé ó níláti jẹ́ àṣìṣe, tàbí pé ó níláti jẹ́ ìbùkún. Ẹ lọ béèrè ní ẹnu ọ̀nà.

Kí ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá lásìkò yìí? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń gba owó ìjọba nísinsìnyí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àjọ tí ń bójú tó o ni wọ́n ń pè ní NELFUND, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá. Àjọ náà ń san án tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́. Èyí tí ń wọ àpò ọmọ fúnra rẹ̀ ni owó ìtọ́jú, ₦20,000 lóṣù, fún ẹni tí ó bá béèrè fún un. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá sin ìlú tán ni ìsanpadà ń bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ti ríṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni a ó sì máa yọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan níbí. Ẹ̀yáwó ni. Kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe owó òṣèlú. A gbọ́ tí àwọn kan nínú wa ń sọ lọ́jà pé, "Owó ìjọba ni, ta ni yóò béèrè?" Orúkọ ọmọ rẹ ni ó wà nínú ìwé gbèsè náà, ìyá mi, kì í ṣe ti ìjọba.

Nítorí pé ẹ̀yáwó ni, àṣìṣe inú rẹ̀ ní ojú méjì. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìyá kan nínú wa tí ó gbà wá láyè láti sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kọ orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀yáwó náà, ṣùgbọ́n owó kò tètè jáde, ìdánwò sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹni tí kò bá san kò ní wọlé ìdánwò. Ìyá yìí kó àjọ rẹ̀ kí àsìkò tó tó, ó ta àpò ẹ̀lùbọ́ mẹ́ta ní iye tí kò yẹ kí ó tà á, ó sì san owó náà pé. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, NELFUND san owó kan náà fún ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, fún ọmọ kan náà. Ilé-ẹ̀kọ́ gba owó lẹ́ẹ̀mejì.

Ta ni ó ni owó tí ó lé? Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá wa ni. Ṣùgbọ́n ìyá wa kò béèrè. Ó ní, "Kí n má lọ fi ẹnu ko ọmọ mi sí wàhálà." Irú ìbẹ̀rù yìí ni ó ń pa wá lára jù, nítorí pé bí kò bá béèrè, ọmọ yóò jáde, yóò sì máa san gbèsè owó tí ìyá rẹ̀ ti fi ẹ̀lùbọ́ san. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Àjọ NELFUND fúnra rẹ̀ ti pàṣẹ pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ dá owó padà fún ọmọ tí ó ti san tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀yáwó rẹ̀ tó dé. Ní ọdún 2025, àjọ ICPC tí ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ kéde pé òun ń ṣe ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń pín owó ẹ̀yáwó náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ béèrè kì í ṣe aláriwo.

Bí a ṣe ṣe é fún un nìyí. A wá ìwé ẹ̀rí ìsanwó àkọ́kọ́ (ọpẹ́ ni pé ó tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì rẹ̀). Ọmọ náà wo ojú ìwé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì NELFUND, ó tẹ iye tí wọ́n san àti ọjọ́ tí wọ́n san án jáde. Ó kọ lẹ́tà sí bọ́sà ilé-ẹ̀kọ́, ó so ìwé méjèèjì mọ́ ọn, ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tirẹ̀. Lẹ́tà kìíní kò rí èsì. Lẹ́tà kejì rí i. Nígbà tí owó náà dé, ìyá yọ iye tí ó fi kún àjọ rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ fi ìyókù pamọ́ de ìgbà ìsanpadà. Àwa kò mọ̀ bóyá ọmọ ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélógún lè fi owó pamọ́ fún ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju tiwa lọ.

Ojú kejì ni ti ọmọ tí owó ìtọ́jú ń wọ àpò rẹ̀ nígbà tí kò yẹ kí ó máa wọ̀ ọ́ mọ́: bóyá ó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí àìsàn, tàbí ó ti gba ibòmíràn lọ. Ó rọrùn láti sọ pé àwọn tí ń fi ránṣẹ́ ni kò wò ó dáadáa. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ àti sí àjọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sọ ọjọ́ tí ó kúrò, kí ó má sì fọwọ́ kan owó tí ó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ náà. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é níbi tí ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń yá ọmọ lówó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí ó bá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láàrin ọdún, tí owó sì ti wọ ọwọ́ rẹ̀ jù, gbèsè èlé orí yẹn yàtọ̀. Wọn kì í dúró dè é títí yóò fi ríṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ bá kúrò kí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àsìkò ẹ̀kọ́ náà tó pé, wọ́n ń ṣírò iye owó ìjọba tí kò tíì tọ́ sí i, ó sì níláti padà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá mọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Bí a kò bá fi owó náà hàn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?" Ẹ gbọ́ ti ọmọbìnrin kan ní Gúúsù Áfríkà. Ó ń kàwé ní Yunifásítì Walter Sisulu ní ìpínlẹ̀ Eastern Cape. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ó yẹ kí rándì 1,400 wọ àpò rẹ̀ fún oúnjẹ. Rándì mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ni ó wọlé. Òun kọ́ ni ó tẹ nọ́ńbà náà. Kò fi èrú béèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí raja. Láàrin ọjọ́ 73, ó ti ná ju rándì 800,000 lọ. Ìwé pélébé tí ilé ìtajà ń fúnni, tí ó fi iye tí ó ṣẹ́kù hàn, ni ó tú àṣírí náà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi olè jíjà. Ní oṣù kẹta, wọ́n ní kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ gíga dá ẹ̀wọ̀n náà dúró, wọ́n ní kí ó lọ sin ìlú dípò rẹ̀. Ẹjọ́ náà jẹ ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìgbà ọmọge rẹ̀.

A bá ara wa jiyàn lórí ọmọ yìí ní ìpàdé ìgbìmọ̀. Àwọn kan ní wọ́n le mọ́ ọn jù, pé ọmọ aláìní ni, pé ẹni tí ó ṣe àṣìṣe ńlá bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́jọ́ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà ẹnu bodè, tí ẹ ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, ẹ dá wa lóhùn: bí oníṣẹ́wó bá ka ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà fún yín dípò ẹgbẹ̀rún kan, tí ẹ rí i, tí ẹ ká a sí ìdí aṣọ, tí ẹ sì ń sáré lọ, kí ni ẹ óò pe ara yín títí ẹ óò fi délé? Òun ni ó ṣì í kà. Ẹ̀yin ni ẹ rí i.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn àgbà nínú wa yóò rántí pé èyí kọ́ ni àkọ́kọ́. Ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1972. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó yá owó náà kò san án padà. Ní ọdún 1993, wọ́n sọ ọ́ di báǹkì ètò ẹ̀kọ́, ìyẹn náà kò sì tọ́jọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìyá ní agbègbè wa ti ń ta ilẹ̀ àti ẹran láti fi rán ọmọ nílé-ẹ̀kọ́. Owó tí àwọn tí ó ṣáájú kò dá padà ni àwọn àbúrò wọn kò rí yá.

Ẹ ṣọ́ra, ẹ̀yin ìyá wa. Àwọn gbájú-ẹ̀ ti mọ̀ pé àwọn olóòótọ́ wà. Wọn a fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ bí ẹni pé báǹkì ni, pé owó ti wọlé. Lẹ́yìn náà, wọn a pè, wọn a máa sunkún, wọn a ní owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ àwọn ni àwọn fi àṣìṣe san, kí ó jọ̀wọ́ dá a padà sí nọ́ńbà báyìí báyìí. Kò sì sí owó kankan tí ó wọlé. Owó tirẹ̀ gan-an ni yóò kó fún wọn. Nítorí náà, má ṣe dá owó padà sí àpò ẹnì kan tí o kò mọ̀ nítorí ìpè fóònù. Lọ sí báǹkì fúnra rẹ, kí wọ́n wò ó bóyá ó wọlé ní tòótọ́, kí báǹkì sì dá a padà síbi tí ó ti wá, kí o gba ìwé ẹ̀rí. Bí ó bá jẹ́ ti NELFUND, ilé-ẹ̀kọ́ àti àjọ náà fúnra rẹ̀ ni kí ọmọ kọ̀wé sí. Má ṣe sọ nọ́ńbà BVN tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì fún ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó.

Ó kù bí ti wa ṣe parí. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ náà, Ìyá Ẹgbẹ́ mú ẹnì kan dání, wọ́n lọ sí ilé ìyá tí ó dúpẹ́. Wọn kò rán ọmọdé, wọn kò sì kọ lẹ́tà. Wọ́n kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n jókòó, Ìyá Ẹgbẹ́ sì sọ pé, "Ìyá Ìbejì, àwa ni a ṣẹ̀ yín. A fi nǹkan tí kì í ṣe tiyín sí yín lọ́wọ́." Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ mà jẹ́ kí n dúpẹ́ níwájú gbogbo ìjọ." Ohun tí ó dùn ún jù nìyẹn, ó ju owó lọ, àwa kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó jẹ́wọ́ pé ó ya òun lẹ́nu díẹ̀ nígbà tí owó náà dé, nítorí pé òun kò kọ ìwé béèrè, ṣùgbọ́n òun rò pé ẹgbẹ́ wo ojú òun ni.

₦35,000 ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ₦15,000 ni ó kù. Ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a fi sílẹ̀ fún un, kí ojú má tì í. Àwọn kan ní kí ó dá gbogbo rẹ̀ padà kí oṣù tó parí. Ọ̀dọ̀ opó ni ọ̀rọ̀ náà yanjú sí: ọmọ rẹ̀ kò tíì san, kò sì yẹ kí ó dúró de ẹni tí ń ṣẹ́wó jọ. Nítorí pé àṣìṣe tiwa ni, àwa ọmọ ìgbìmọ̀ dá ₦35,000 láàrin ara wa, akápò àti akọ̀wé dá ju ti àwọn yòókù lọ, a fi ₦15,000 tí Ìyá Ìbejì dá padà kún un, a sì san ₦50,000 pé fún ọmọ opó lọ́sẹ̀ náà. Ìyá Ìbejì ní òun yóò máa mú díẹ̀ wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà. A sọ fún un pé kí ó má fi ara ni ara. Ó ti mú ₦20,000 wá títí di ìgbà tí a ń kọ ìwé yìí. ₦2,000 ìdúpẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ní kí a má ṣe dá a padà, pé Ọlọ́run ni òun fún, òun kò fún ẹgbẹ́.

Láti ọdún yìí lọ, a kò ní san owó kankan fún ọmọ kan lórí orúkọ nìkan. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ àti nọ́ńbà báǹkì ni a ó kọ sílẹ̀, ènìyàn méjì yóò kà á sókè létí ìyá ọmọ náà kí owó tó jáde, a ó sì pe ìyá náà lọ́jọ́ kejì láti béèrè bóyá ó dé. Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, kí gbogbo ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mú ìwé ẹ̀rí ìsanwó ọdún yìí wá, àti èyí tí ọmọ bá tẹ̀ jáde láti ọ̀dọ̀ NELFUND bí ó bá wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà kí ó má ṣe jókòó sílé. Ọmọ akọ̀wé wa tí ó wà fún ìsinmi yóò wà níbẹ̀ láti bá a wò ó.